Ewé pupa orí òkè Nikko: oṣù wo ni kí n lọ wò ó?

Ìyá Aláró, Ìkòròdú:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni iṣẹ́ mi, Ìgbógbò ni mo ti ń ṣe é, ó sì ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń tọwọ́ bọ aró. Ọmọ mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ ní Utsunomiya, nílẹ̀ Jàpáànì. Ó ní òun fẹ́ kí n wá wo ewé. Ó ní bí àkókò bá tó, àwọn ará ibẹ̀ á di oúnjẹ dání, wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú irin, wọ́n á gba orí òkè lọ torí àtiwo igi tí ewé rẹ̀ ń pọ́n.

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju bí òun fúnra rẹ̀ ṣe rò lọ. Igi fúrúùtù kan wà lẹ́yìnkùlé mi, òun ló ṣíji bo àwọn ìkòkò aró. Bí ọyẹ́ bá ti dé, ewé rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, á máa já bọ́. Àwọn ọmọ tó ń gbálẹ̀ máa ń ráhùn, èmi a sì máa ṣa wọ́n. Ọ̀kan wà nínú ìwé ìṣirò mi báyìí: ó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, ó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ láàárín, àmọ́ ẹ̀gbẹ́ àwọn iṣan rẹ̀ ṣì ní àwọ̀ ewé tóóró, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ṣú bí osùn tí wọ́n fi omi pò. Mo ti gún un, mo ti sè é, kò gbé pupa yẹn sórí aṣọ fún mi rí. Àwọ̀ ilẹ̀ lásán ni mo máa ń rí.

Ìbéèrè mi rèé. Ọmọ mi ní kí n wá láàárín oṣù Kẹwàá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé ní Kyoto ní kí n dúró di ìparí oṣù Kọkànlá. Owó ọkọ̀ òfuurufú ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ní, n kò fẹ́ débẹ̀ kí n bá igi níhòòhò. Èwo ni kí n gbà? Ẹ̀kejì, orúnkún ọ̀tún mi kò gba òkè mọ́. Ṣé nǹkan gidi kan wà tí mo lè rí láìfi ẹsẹ̀ gun òkè?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ aró, mà. Mo gbé Tochigi fún ọdún mẹ́rin, ìpínlẹ̀ tí Utsunomiya wà gan-an. Àwọn méjèèjì ló tọ̀nà. Orí òkè ni pupa yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀, á wá máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, torí òkè ni òtútù ti kọ́kọ́ ń mú. Nikko ló sún mọ́ ọmọ yín, ọkọ̀ ojú irin kò gbà tó wákàtí kan. Adágún Chuzenji tó wà lókè ibẹ̀ fi 1,269 mítà ga ju òkun lọ, àárín oṣù Kẹwàá sí ìparí rẹ̀ ló máa ń pọ́n. Ìlú Nikko fúnra rẹ̀ nísàlẹ̀, ó di oṣù Kọkànlá. Kyoto kò ga, kò sì tutù tó ọ̀hún, ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́ títí di ìparí Kọkànlá. Bí ẹ bá dé ní nǹkan bí ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá, tí ẹ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ ó bá a lókè, ẹ ó tún bá a nísàlẹ̀.

Ti orúnkún, bọ́ọ̀sì ló ń gbé èèyàn gòkè. Irohazaka ni wọ́n ń pe ọ̀nà náà, kọ́nà 48 ló ní: 20 ní àlọ, 28 ní àbọ̀, ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sì ni. Ẹ rí i pé ẹ jókòó ti fèrèsé. Tí ẹ bá dé ibi omi Kegon, tó ń já ṣòòròṣò láti 97 mítà, ẹlifétọ̀ wà nínú àpáta tó máa gbé yín sọ̀ kalẹ̀ dé ibi tí ẹ ó ti wò ó. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ ní Sátidé tàbí Sọ́ńdè. Ọ̀nà tí kò yẹ kó gbà ju ìdajì wákàtí lọ, mo ti lo wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀ nínú gòsílóò rẹ̀. Ní ojúbọ Toshogu, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ wò, ẹ fi òkè sílẹ̀, àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní igba. Ẹ mú súwẹ́tà tó nípọn dání o, òwúrọ̀ Chuzenji dà bí ìgbà téèyàn ṣí fíríìjì.

Tíṣà Àgbádárìgì:
Mà, n kò débẹ̀ rí, bàólójì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Ọ̀rọ̀ pupa tó kọ̀ tí kò dúró sórí aṣọ yín ló mú mi dáhùn.

Chlorophyll ló ń fún ewé ní àwọ̀ ewé. Oòrùn ń bà á jẹ́, igi sì ń ṣe òmíràn dípò rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ọjọ́ bá ń kúrú tí òtútù ń bọ̀, igi á dáwọ́ dúró, á fa èyí tó wúlò nínú ewé padà sára, á sì dí ìdí ewé pa. Àwọn igi bíi ginkgo, tó máa ń di àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ yẹn ti wà nínú ewé wọn látilẹ̀. Ó dà bí ìgbà tí ẹ bá họ ẹ̀kọ kúrò lára àdìrẹ tí funfun abẹ́ rẹ̀ yọjú. Pupa ni kò rí bẹ́ẹ̀. Igi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pò ó ni, láti ara ṣúgà tó há sínú ewé. Anthocyanin lorúkọ rẹ̀. Ọ̀sán tí oòrùn ràn, òru tó tutù àmọ́ tí kò di yìnyín, ìgbà yẹn ló ń jinlẹ̀ jù.

Pupa inú fúrúùtù bá ti wọn tan, àmọ́ ọ̀gbẹlẹ̀ ló ń fà á níbí, kì í ṣe òtútù. Ìdí nìyẹn tí tèmi fi lè pọ́n lónìí kí ti aládùúgbò mi ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ní ọ̀dọ̀ tiwọn, odindi òkè ló jọ ń pọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fi sè é? Bó bá jẹ́ omi eérú ni, òun ló pa á. Eérú ń yí anthocyanin padà. Ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ dán an wò, ẹ má sì jẹ́ kó hó.

Ìyá Aláró, Ìkòròdú:
Háà, Tíṣà! Omi eérú ni o, èyí tí mo ń lò fún èlú. Láti ọdún yìí wá, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Mo gún ewé méje lálẹ́ àná, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ méjì sínú omi tútù, mo dà á lé e. Nígbà tó fi máa di òwúrọ̀, omi náà ti pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bíi ṣobo tí wọ́n là. Mo jókòó tì í títí oúnjẹ àárọ̀ fi tutù. Mo da eérú díẹ̀ sínú ife kan lára rẹ̀, lójú mi báyìí ni pupa náà pòórá.

Ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá ni mo ń lọ. Ọmọ Ẹ̀pẹ́, ṣé wọ́n á jẹ́ kí n ṣa díẹ̀ bọ̀ wálé?

Ọmọ Ẹ̀pẹ́:
Ẹ má já ewé kankan lára igi, mà. Láti 1934 ni ìjọba ti ya igbó Nikko sọ́tọ̀, wọn kì í fi ṣeré. Momiji ni wọ́n ń pe ewé tó bá pọ́n, ó kéré, ìka rẹ̀ là bíi ti ọwọ́ ọmọ tuntun. Àlàyé kan tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn ni pé ara bí wọ́n ṣe ń gbo òdòdó kan nínú omi kí pupa rẹ̀ lè jáde fún aṣọ ni orúkọ yẹn ti wá. Ọ̀rọ̀ aláró ni.

Ìyá Aláró, Ìkòròdú:
Wọ́n ń gbo ó! Kò burú, n kò ní já ewé kankan. Ìyẹ́ adìyẹ mi àti ìwé funfun ni mo máa mú dání, ibẹ̀ ni mo ti máa yà á. Mo ti ní kí ọmọ mi bá mi wá yàrá sí ẹ̀gbẹ́ adágún yẹn fún Túsìdeè àti Wẹ́sìdeè.