Ọgbà pèrègún mi ga, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣófo: ibo ni kí n gé e dé?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ọgbà. Ilé-Ifẹ̀ ni mo wà. Pèrègún ni mo fi ṣe ọgbà ní ojú títì, torí ewé rẹ̀ kì í wọ́ tán lẹ́ẹ̀rùn, kò sì ní wàhálà. Igi tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 2 ni mo rì, ẹsẹ̀ bàtà 1 síra wọn. Gbogbo rẹ̀ ló hù. Ó ti ga ju èèyàn lọ báyìí, àmọ́ láti ilẹ̀ dé ìbàdí, igi lásán ni. Ẹni tó ń kọjá ń rí aṣọ tá a sá.

Mo bẹ́ ẹ lórí: ọ̀mùnú 2 tàbí 3 ló yọ, gbogbo rẹ̀ lábẹ́ ojú àdá gan-an, ìsàlẹ̀ ò rúwé rárá. Mo da ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà sídìí rẹ̀, òkè náà ló tún ń sáré lọ. Ixora, igi òdòdó kékeré, tí mo gbìn sáàárín rẹ̀ ò gbèrú, ibòji ti bò ó.

Tójò bá bẹ̀rẹ̀, tí mo bá gé igi kan ku ẹsẹ̀ bàtà 1, tí mo fo èyí tó tẹ̀ lé e, ṣé kùkùté náà á rí oòrùn tó láti rúwé? Àbí kí n gé gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí gíga wọn yàtọ̀ síra?