Igbó ìkùukùu orí òkè: èwo ni kí n kọ́kọ́ lọ wò?

Akẹ́kọ̀ọ́ Ewéko: Mo kí gbogbo yín o. Ẹ̀kọ́ nípa ewéko ni mò ń kọ́, mo sì ní ọ̀sẹ̀ kan péré láti lò nínú igbó ilẹ̀ olóoru tí ó wà lórí òkè, irú èyí tí ìkùukùu máa ń bò lemọ́lemọ́. Mẹ́ta ni mo ti yàn sílẹ̀: Monteverde ní Costa Rica, òkè Kinabalu ní Malaysia, àti Bwindi ní Uganda. Ẹ jọ̀wọ́, èwo ni kí n mú, kí sì ni kí n tẹjú mọ́ níbẹ̀?

Olùṣọ́gbó: Monteverde ni tèmi. Láti ọdún 1972 ni wọ́n ti ń dáàbò bo igbó náà. Atẹ́gùn tí ó ń ti Òkun Karíbíánì bọ̀ máa ń kọlu òkè, á sì gùn ún. Bí ó ti ń gòkè ni ó ń tutù, títí ọ̀rinrin inú rẹ̀ yóò fi di ìkùukùu tí ó ń gba àárín ẹ̀ka igi kọjá. Ẹ dúró sábẹ́ igi kan ní ọjọ́ tí òjò kò rọ̀, kí ẹ sì tẹ́tí: ẹ ó gbọ́ tó, tó, tó, nítorí pé ewé àti mọ́ọ̀sì, ewéko kéékèèké tí ó máa ń bo ara igi, ti gba omi lára ìkùukùu, ó sì ti ń kán sílẹ̀. Ẹ wo ara ẹ̀ka pẹ̀lú. Àwọn ìbátan ọ̀pẹ̀ òyìnbó kan wà níbẹ̀ tí wọ́n máa ń gba omi sí àárín ewé wọn bí abọ́, inú omi yìí sì ni kòkòrò àti ọ̀pọ̀lọ́ kéékèèké fi ṣe ilé.

Ìyá Àfòmọ́: Kí orúkọ tí mo ń jẹ́ má tàn yín jẹ o. Àfòmọ́ gidi a máa fa omi ara igi mu, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn ọ́kíìdì (ewéko olódòdó kan) àti mọ́ọ̀sì tí ẹ ó rí níbẹ̀, ibi ìjókòó nìkan ni wọ́n wá lọ sára igi. Nígbà tí ewé wọn bá jẹrà lórí ẹ̀ka, á di ilẹ̀ dúdú, àwọn igi kan a sì ta gbòǹgbò láti ara ẹ̀ka tiwọn sínú rẹ̀, kí wọ́n lè jẹ nínú ohun tí àlejò kó jọ. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ igbó yìí, ẹni tí kò bá sì gbójú sókè kò ní rí i. Nítorí náà, ibi tí afárá tí a so rọ̀ láàárín igi bá wà ni kí ẹ lọ, ó sì wà ní Monteverde.

Agùnkè: Èmi kò fara mọ́ ọn tán. Kinabalu ga tó mítà 4,095, ooru sì ń dín ní nǹkan bí ìwọ̀n 6 Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì ní mítà 1,000 kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ ti ń gòkè ni igi ń kúrú, tí ó ń lọ́, tí ewé rẹ̀ ń kéré tí ó sì ń le. Ibẹ̀ náà ni Nepenthes rajah wà, ewéko tí ewé rẹ̀ rí bí ìkòkò tí ó lè gba omi tí ó ju lítà méjì lọ. Ẹranko kékeré kan tí ó jọ ọ̀kẹ́rẹ́ máa ń wá lá oje dídùn lára ìdérí rẹ̀, á sì yàgbẹ́ sínú rẹ̀. Ìgbẹ́ yẹn wà lára ohun tí ewéko náà ń jẹ.

Akẹ́kọ̀ọ́ Ewéko: Bwindi ńkọ́? Ṣé kí n sì yẹra fún àkókò tí ìkùukùu pọ̀, nítorí àwòrán tí mo fẹ́ yà?

Agùnkè: Igbó tó dára ni Bwindi, ṣùgbọ́n ìnàkí orí òkè ni yóò gba gbogbo ọkàn yín níbẹ̀.

Olùṣọ́gbó: Ẹ má sá fún ìkùukùu, òun gan-an ni ẹ ń lọ wò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni iṣẹ́ rẹ̀ máa ń hàn jù, nítorí pé omi tí igi ń gbà lára rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí odò gbẹ. Ìlú Tegucigalpa, olú-ìlú Honduras, ń rí lára omi rẹ̀ gbà láti igbó La Tigra. Bí ẹ bá mú Monteverde, ẹ fọ bàtà yín, kí ó sì gbẹ dáadáa kí ẹ tó wọ igbó. Ọ̀pọ̀lọ́ aláwọ̀ wúrà tí kò sí níbòmíràn láyé wà níbẹ̀ rí, a kò sì tún rí i mọ́ láti ọdún 1989. Ọ̀dá wà lára ohun tí wọ́n fura sí pé ó pa á run, àrùn awọ ara tí ń pa ọ̀pọ̀lọ́ sì wà lára rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ bàtà lè gbé àrùn yẹn láti igbó kan dé òmíràn.