Orin ìbílẹ̀ Òkun lórí YouTube: ta ló ni kọ́píráìtì rẹ̀?

Olórin Yàgbà
Òkun o, ẹ̀yin ará ilé, ọmọ Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí. Ẹgbẹ́ olórin wa ní Ìsánlú gba orin ìrègún mẹ́jọ sílẹ̀ ní sítúdíò kan ní Kàbà, a sì gbé wọn sórí YouTube. Mẹ́fà jẹ́ orin àtijọ́ tí a bá lẹ́nu àwọn ìyá wa. Àwa la ṣẹ̀dá méjì tó kù. Ṣánẹ́ẹ̀lì kan ti wá jí ohùn náà gbé, ó fi àwòrán tirẹ̀ bò ó, owó ìpolówó sì ń wọlé fún un. Ṣé a lè fọwọ́ sọ̀yà pé àwa la ni àwọn orin àtijọ́ yẹn? Báwo la ṣe ń yọ irú fídíò bẹ́ẹ̀ kúrò? Ẹnì kan tún ní ká kó gbogbo ẹ̀ sínú Content ID, ẹ̀rọ YouTube tó ń wá fídíò tó lo ohùn ẹni. Ẹ là wá lọ́yẹ.

Amòfin Ìjùmú
Ẹ má dà wọ́n pọ̀ o. Orin lọ́tọ̀, ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ lọ́tọ̀.

Orin àtijọ́ mẹ́fà yẹn kì í ṣe tiyín, kì í sì í ṣe ti ẹni tó jí i. Òfin kọ́píráìtì ti 2022, tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní 17 oṣù Kẹta 2023, fi abala 74 dáàbò bo iṣẹ́ ìbílẹ̀: orin, ijó, àlọ́, ère, ìkòkò, títí kan aṣọ híhun. Bí ẹ bá ń kọ ọ́ níbi ayẹyẹ ìlú bí a ti ń ṣe é látayébáyé, kò sẹ́ni tó máa bi yín. Tó bá ti di ti owó, tó sì ti jáde kúrò níbi àṣà rẹ̀, ọ̀dọ̀ NCC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó kọ́píráìtì, la ti ń gbàṣẹ. Ẹ sì gbọ́dọ̀ dárúkọ ibi tí orin ti wá. Ìlà kan péré lábẹ́ fídíò ti tó: "Orin ìrègún, ilẹ̀ Yàgbà." Ọ̀pọ̀ ni kì í kọ ọ́.

Méjì tí ẹ ṣẹ̀dá di tiyín lọ́jọ́ tó ti wọ ìwé tàbí fóònù. Kò dìgbà tí ẹ bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó di ọdún 70 lẹ́yìn ikú ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ kó tó bọ́. Ti ohùn tí a gbà sílẹ̀ kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀: ọdún 50 lẹ́yìn ọdún tó kọ́kọ́ jáde.

Ohùn yẹn gan-an lẹ óò fi jà, nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. Ibẹ̀ sì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó ṣètò ìgbàsílẹ̀ ni òfin kà sí ẹni tó ni ín, àfi bí àdéhùn bá sọ nǹkan mìíràn. Bí ẹ bá sanwó sítúdíò, tí onísítúdíò kàn ń tẹ bọ́tìnnì, ẹsẹ̀ yín múlẹ̀. Bó bá jẹ́ òun ló náwó, tí ẹ ní ẹ ó jọ pín èrè, ó lè yí padà kó ní tòun ni. Ẹ wá rìsíìtì jáde, kí ẹ sì jẹ́ kó buwọ́ lùwé pé gbogbo ẹ̀tọ́ inú ohùn náà ti di tiyín. Àdéhùn ẹnu kò lè gbé e lé yín lọ́wọ́.

Kọ̀ǹpútà Kàbà
"Report" tó wà lábẹ́ fídíò kọ́ ni kí ẹ lò. Fọ́ọ̀mù kọ́píráìtì wà nínú YouTube Studio. Wọ́n á béèrè orúkọ gidi, àdírẹ́sì, nọ́ńbà fóònù, líǹkì fídíò náà, àti ìṣẹ́jú tí ohùn yín ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tó parí sí. Ẹ kọ ọ́ kedere pé ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ lẹ ń jà fún. Bí ẹ bá kọ "orin wa" sí orin àtijọ́, ẹ ti fún olè náà ní ọ̀rọ̀ tó máa fi dá yín lóhùn.

Ẹ lè ní kí wọ́n yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, tàbí kí wọ́n fún un ní ọjọ́ 7 láti yọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ọjọ́ 7 ni mo máa mú bó bá jẹ́ ọmọ ilé ni, torí kò ní jẹ strike, ìyẹn àmì ìjìyà tí YouTube ń fún ṣánẹ́ẹ̀lì. Strike mẹ́ta láàárín ọjọ́ 90, wọ́n lè ti ṣánẹ́ẹ̀lì rẹ̀ pa.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń ṣubú rèé: onítọ̀hún lè kọ̀wé pé irọ́ lẹ pa. Ẹ ní ọjọ́ iṣẹ́ 10 láti fi hàn YouTube pé ẹ ti pè é lẹ́jọ́. Bí ẹ kò bá ní ìwé kọ́ọ̀tù, fídíò náà á padà.

Content ID? Rárá, fún mẹ́fà yẹn. Ẹ̀rọ náà ń gbọ́ ohùn, ó sì tún ń dá ọ̀nà orin mọ̀. Ẹgbẹ́ tó bá kọ orin kan náà ní Ẹ̀gbẹ́ tàbí Mọ̀pà, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó wọn fún yín. Àwọn yẹn á jiyàn, ẹ ní ọjọ́ 30 láti fèsì. Bí ẹ bá sì rẹ́ǹtì bíìtì (ìlù tí ẹlòmíràn ti ṣe sílẹ̀) lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún méjì tó kù, àwọn yẹn náà kò yẹ, nítorí ọgọ́rùn-ún èèyàn lè ti rẹ́ǹtì bíìtì kan náà.

Ọmọ Bùnú
Ẹ kó ẹ̀rí jọ KÍ Ẹ TÓ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Tí wọ́n bá ti yọ ọ́, kí lẹ máa ya fọ́tò rẹ̀? Ẹ ya ojú ìwé náà pẹ̀lú líǹkì, ọjọ́ àti iye èèyàn tó ti wò ó, kí ẹ sì gba fáìlì ọlọ́nà púpọ̀ tí ohùn kọ̀ọ̀kan wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́wọ́ sítúdíò. Olè kì í ní ìyẹn. Ní kọ́ọ̀tù, abala 84 òfin ẹ̀rí ti 2011 fẹ́ sátífíkéètì tí ẹni tó lo fóònù tàbí kọ̀ǹpútà náà buwọ́ lù, pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà náà. Àìsí i ni wọ́n fi ń ti ẹ̀rí tó dáa dànù.

Bó bá jẹ́ pé orí ìkànnì Nàìjíríà tí wọ́n ti ń da orin sórí fóònù ló gbé e sí, ẹ kọ̀wé sí wọn lábẹ́ abala 54. Wọ́n á fi tó ẹni tó gbé e síbẹ̀ létí. Bí kò bá rí àlàyé ṣe láàárín ọjọ́ 10, wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́.

Olórin Yàgbà
Ẹ ṣeun gan-an. Tó bá di ẹjọ́, ṣé kọ́ọ̀tù Kàbà ló máa gbọ́ ọ? Bí ẹnì kan bá sì kó o sínú AI ńkọ́?

Amòfin Ìjùmú
Májísíréètì kò ní agbára lórí kọ́píráìtì, kọ́ọ̀tù gíga ti ìpínlẹ̀ náà kò ní. Kọ́ọ̀tù gíga ti ìjọba àpapọ̀ nìkan ni abala 251 ìwé òfin ilẹ̀ wa gbé e fún. Lọ́kọ́ja lẹ máa lọ. Ẹgbẹ́ tí kò forúkọ sílẹ̀ ní CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, kò sì lè pẹjọ́ lórúkọ ara rẹ̀. Ẹ forúkọ sílẹ̀, tàbí kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ buwọ́ lùwé tó gbé ẹ̀tọ́ náà fún ẹnì kan.

Ti AI kò tíì fìdí múlẹ̀ níbì kankan. Ní Múníìkì, Jámánì, kọ́ọ̀tù dá GEMA, ẹgbẹ́ tó ń gba owó ẹ̀tọ́ fún àwọn olórin níbẹ̀, láre lórí OpenAI, ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ AI tí wọ́n ń pè ní ChatGPT, ní 11 oṣù Kọkànlá 2025, nítorí ọ̀rọ̀ orin mẹ́sàn-án tí ẹ̀rọ náà ti há sórí. Ní Amẹ́ríkà, adájọ́ ní fífi ìwé kọ́ ẹ̀rọ kò lòdì sófin, ṣùgbọ́n kíkó ìwé olè pamọ́ lòdì sí i. Anthropic, ilé-iṣẹ́ AI tí wọ́n pè lẹ́jọ́ níbẹ̀, gbà láti san bílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ dọ́là, nǹkan bí 3,000 lórí ìwé kọ̀ọ̀kan. Èyí tó kàn yín níbẹ̀ ni pé ìwé tí wọ́n ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì kọ́píráìtì Amẹ́ríkà nìkan ló wọ inú owó yẹn. Lọ́dọ̀ wa kì í ṣe dandan, ṣùgbọ́n ẹ forúkọ orin méjèèjì tí ẹ ṣẹ̀dá sílẹ̀ lọ́dọ̀ NCC báyìí, kí ọjọ́ tó wà nínú ìwé náà lè ṣáájú ti ẹni tó jí i.