Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wáráǹtì kóòtù máa ń kú fúnra rẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ọkùnrin ni. Ní 2016, ó jà ní gáréèjì n'Ìbàdàn, wọ́n gbé e dé kóòtù májísíréètì. Adájọ́ fún un ní béèlì, màmá wa ló ṣe onídùúró. Ó lọ kóòtù fúngbà díẹ̀, ó sá wá s'Ékòó, ni adájọ́ bá fọwọ́ sí wáráǹtì pé kí wọ́n lọ mú un. Báyìí ó ti níyàwó, ó ti bímọ. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kó fọkàn balẹ̀, pé lẹ́yìn ọdún méje wáráǹtì ti kú. Ọlọ́pàá kan wá ní ká mówó wá, òun á fa ìwé náà ya. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Màmá lòun máa gbé. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún. Bí ọ̀kadà bá ti dúró lẹ́nu géètì báyìí, wọ́n á sá wọ yàrá. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Ọmọ Ìdíkàn: Èmi náà gbọ́ ọdún méje yẹn. Kó jókòó jẹ́ẹ́ s'Ékòó.

Lọ́yà Àdúgbò: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan ìyá yìí. Kò sí ọdún méje kankan níbẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ẹjọ́ ọ̀daràn, ACJA ti 2015, sọ ọ́ gbangba: wáráǹtì wà títí wọ́n á fi mú ẹni náà, tàbí títí adájọ́ á fi wọ́gi lé e. Bẹ́ẹ̀ náà ni òfin àtijọ́ tó ṣáájú rẹ̀ wí. Ọlọ́pàá ò lágbára láti wọ́gi lé wáráǹtì. Bó fa ìwé ya lójú yín, àṣẹ adájọ́ ṣì wà nínú fáìlì ní kóòtù. Owó yín á lọ, wáráǹtì á kù.

Ní ti Màmá, apá keje òfin náà ní wọn ò gbọdọ̀ mú ẹnì kan dípò ẹlòmíràn. Àmọ́ onídùúró ni wọ́n. Adájọ́ lè pè wọ́n kí wọ́n wá sọ ìdí tí wọn ò fi ní san owó tí wọ́n fi dúró. Adájọ́ o, kì í ṣe ọlọ́pàá ẹnu géètì.

Ará New York: Bó ṣe rí níbí náà nìyẹn. Ní 2017, wọ́n wọ́gi lé wáráǹtì tó lé ní 640,000 nílùú yìí, ti ẹ̀ṣẹ̀ kéékèèké bíi mímu ọtí lójú títì, tó ti lé lọ́dún mẹ́wàá. Ká ní wọ́n ń kú fúnra wọn ni, àwọn agbẹjọ́rò ìjọba ì bá má lọ bá adájọ́ fún un.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun, sà. Tó bá lọ fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé wọn ò ní tì í mọ́lé?

Lọ́yà Àdúgbò: Ó lè ṣẹlẹ̀, mi ò lè búra. Ṣùgbọ́n ojú tí adájọ́ fi ń wo ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá yàtọ̀ sí ti ẹni tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wọ́ wá. Kí lọ́yà kọ́kọ́ lọ yẹ fáìlì wò lọ́dọ̀ akọ̀wé kóòtù. Ó lè jẹ́ pé olùpẹ̀jọ́ ò wá mọ́, tí adájọ́ sì ti da ẹjọ́ náà nù. Ẹ gba ẹ̀dà àṣẹ yẹn tí kóòtù lu òǹtẹ̀ sí. Bí ẹjọ́ bá ṣì wà, lọ́yà á kọ̀wé bẹ kóòtù pé kó gbé wáráǹtì kúrò, àbúrò yín á sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú onídùúró. Bí kò bá sówó, ẹ lọ bá Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń fúnni ní lọ́yà, n'Ìbàdàn; ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tí kò ní. Ẹ wá nọ́ńbà ẹjọ́ náà lórí ìwé béèlì tí Màmá fọwọ́ sí, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ bi yín.