Ó ti yanjú: update tó ń fà bí ìgbín

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú àdúrótì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo ké gbàjarè pé update Windows kọ̀, kò wọlé ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Kútọ̀, Abẹ́òkúta: fídíò ń ṣí wàrà, àmọ́ update dúró sí 3% láti àárọ̀ dalẹ́.

Dátà kọ́ o. DNS ni. Òun ló ń júwe ibi tí kọ̀ǹpútà yóò ti lọ kó fáìlì. Ẹ̀dà fáìlì kan náà wà lórí server (kọ̀ǹpútà tó ń pín fáìlì) káàkiri ayé, DNS tó wà nínú router mi (ẹ̀rọ tó ń pín íńtánẹ́ẹ̀tì) tẹ́lẹ̀ sì ń rán kọ̀ǹpútà mi lọ sọ́nà jíjìn. Mo wọ inú router, mo pa nọ́ńbà DNS àtijọ́ rẹ́, mo fi 8.8.8.8 àti 8.8.4.4 ti Google sí i, mo pa á, mo tún un tàn. Kò yí padà! Àṣé kọ̀ǹpútà ṣì rántí àdírẹ́sì àtijọ́. Mo ṣí Command Prompt (ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows), mo tẹ ipconfig /flushdns kó lè gbàgbé wọn. Kí n tó jẹ ọ̀fadà mi tán, 3% ti di 71%.

Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n yẹ DNS wò, ẹ ṣeun gan-an, ọwọ́ yín á máa ròkè. Mo ti pa ọ̀rọ̀ yìí dé.