Àbọ̀ ọ̀rọ̀ mi: mo ti yan iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lóṣù tó kọjá, mo bi yín bóyá kí n fi ṣọ́ọ̀bù mi ní Tankẹ, n'Ílọrin, sílẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá. Mo ti gba fọ́ọ̀mù NCE, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́. Ọdún 3 ni.

Ohun tó bá mi pinnu rèé. A lọ kí Màmá àgbà l'Ómù-Àrán, wọ́n ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin gbé igbá wá. Ọmọ dúró, kò mọ ohun tó ń jẹ́ igbá, omi lé ròrò sí i lójú. Owó ìtanràn ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó bá sọ Yorùbá níléèwé rẹ̀. Ó dùn mí wọra! Mo fà á jókòó, mo ń fi ọwọ́ lu ohùn ọ̀rọ̀ lórí àga fún un, dò fún ohùn ìsàlẹ̀, re fún ohùn àárín, mí fún ohùn òkè: igba tó jẹ́ 200, re-re; igbá omi, re-mí; ìgbà tó jẹ́ àkókò, dò-dò; igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ, re-dò. Kò pẹ́, ó sáré wọlé, ó gbé igbá jáde, ó kúnlẹ̀. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í kì í, ẹkún sì gbọ̀n wọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ní owó olùkọ́ kéré, mo gbọ́ yín. Àbúrò mi ni yóò máa dúró ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ṣeun gan-an.