Wákàtí mẹ́fà fún ọjọ́ kan ṣoṣo: ṣé kí n tún kóòdù mi kọ, àbí kí n ra kọ̀ǹpútà tuntun?

Ọmọ Ouando, Àjàṣẹ́:
Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀.

Iṣẹ́ àṣekágbá máàsítà ni mò ń ṣe. Bí omi odò Ouémé ṣe ń tàn ká ilẹ̀ nígbà ìkún-omi kó tó dé ọ̀sà Àjàṣẹ́ ni mò ń fi kọ̀ǹpútà ṣírò. Mo pín ilẹ̀ náà sí ìpín kéékèèké, 400 níbùú, 400 lóròó, ìyẹn 160,000. Èdè kóòdù Python ni mo fi kọ ọ́, pẹ̀lú NumPy àti SciPy, àwọn àkójọ irinṣẹ́ ìṣirò rẹ̀. Ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tó dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 45, kóòdù náà á to mátíríìsì (tábìlì nọ́ńbà ńlá) jọ, á gbé e fún spsolve, irinṣẹ́ SciPy tó ń wá ìdáhùn, á gba ìdáhùn, á kọ ọ́ sí fáìlì, á tún bẹ̀rẹ̀. Ìṣísẹ̀ 1,920 ló wà nínú ọjọ́ kan, ó sì ń gbà ju wákàtí mẹ́fà lọ. Ogójì ọjọ́ ni mo nílò!

Bí mo bá tàn án sílẹ̀ lálẹ́, kúrà á lọ lóru, bátìrì ò sì lè gbé e dàárọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò kan náà lákọ̀tun lọ́sẹ̀ yìí.

Ẹnì kan tó ṣáájú mi ní solver (apá tó ń wá ìdáhùn, ìyẹn spsolve) ló ń jẹ àkókò, pé kí n kọ gbogbo rẹ̀ ní C++, èdè kóòdù míì tó máa ń yára. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ra kọ̀ǹpútà tó lágbára, 450,000 FCFA ni wọ́n pè é. Mi ò ní irú owó yẹn, C++ mi náà ò jinlẹ̀. Èwo ni kí n ṣe?

Àgbà Kétu:
Àbúrò, o kú iṣẹ́. Má ra nǹkan kan, má sì tíì tún nǹkan kan kọ. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ẹni tó ní solver ni, ṣé ó wọ̀n ọ́n ni, àbí ó kàn rò bẹ́ẹ̀?

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Dín ìṣísẹ̀ kù sí 20, àmọ́ má fọwọ́ kan 160,000 yẹn o. Bí iṣẹ́ bá kéré jù, ohun tó ń jẹ àkókò lè yàtọ̀ sí ti iṣẹ́ gidi. Lẹ́yìn náà, tẹ èyí:

python -m cProfile -s tottime omi.py

cProfile á wọn àkókò tí iṣẹ́ (function) kọ̀ọ̀kan nínú kóòdù rẹ ń lò. Àkókò tí iṣẹ́ kan lò fúnra rẹ̀ nìkan ni tottime. Cumtime ní tirẹ̀ máa ń ka ti gbogbo iṣẹ́ tí òun náà rán níṣẹ́ mọ́ ọn. Fi ìlà mẹ́wàá àkọ́kọ́ ránṣẹ́ síbí.

Akọ́wé Òru:
Ra GPU, káàdì tó ń ṣírò kíákíá, ọ̀rọ̀ bùṣe 😀

Àgbà Kétu:
Ìwọ lo máa san owó ẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Adjarra:
Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n sọ. Kí n fi kan kún un ṣá. cProfile máa ń dúró ka gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pe iṣẹ́ kan, kíkà yẹn náà sì ń gba àkókò. Iṣẹ́ kékeré tí wọ́n ń pè ní mílíọ̀nù ìgbà á wá dà bí ẹni pé ó wúwo ju bó ṣe rí lọ. Nítorí náà, fi time.perf_counter, aago inú Python, wọn ibi mẹ́ta péré: títo mátíríìsì, spsolve, àti kíkọ fáìlì. Kí cProfile fi ọ̀nà hàn ọ́, kí perf_counter sọ iye fún ọ.

Wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, kó sì jẹ́ òwúrọ̀. Tèmi, bí mo bá gbé kọ̀ǹpútà mi ka orí bẹ́ẹ̀dì lọ́sàn-án oṣù kẹta, iṣẹ́ kan náà a máa pẹ́ ju bó ṣe ń ṣe lọ. Kọ̀ǹpútà tó bá gbóná jù, ńṣe ló máa ń dín eré ara rẹ̀ kù.

Ọmọ Ouando, Àjàṣẹ́:
Ẹ̀gbọ́n, mà, ẹ ṣeun. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ṣe é, lórí sìmẹ́ǹtì. cProfile ní ìṣẹ́jú àáyá 374 fún ìṣísẹ̀ 20. Nígbà tí mo yọ ọ́ tí mo lo perf_counter, ó di 231, bí ìyá ṣe wí gẹ́lẹ́. Bó ṣe pín nìyí:

títo mátíríìsì: 158
spsolve: 41
kíkọ fáìlì (savetxt, tó ń kọ nọ́ńbà bí ọ̀rọ̀ tó ṣeé kà): 27
ìyókù: 5

Ohun tó wà lókè pátápátá nínú ti cProfile ni __setitem__ ti lil_matrix, ìyẹn ibi tí kóòdù ti ń fi nọ́ńbà kan sínú mátíríìsì. Wọ́n pè é ní bíi mílíọ̀nù 16 ìgbà. Mo wò ó títí, mo rò pé mo ṣì í kà ni.

Àgbà Kétu:
O ò ṣì í kà. Ìpín 160,000, nọ́ńbà márùn-ún fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìṣísẹ̀ 20. Ìwọ lò ń fi ọwọ́ gbé wọn síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń fi abẹ́rẹ́ kó gààrí.

Wàyí o, wo ìmọ̀ràn C++ yẹn. Ká ní idán wà tó lè sọ spsolve di òfo: 231 á di 190, wákàtí mẹ́fà rẹ á di márùn-ún. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, Gene Amdahl, ti ṣàlàyé èyí láti 1967: bó o ṣe wù kó o mú apá kan yá tó, èrè rẹ ò lè ju ìwọ̀n àkókò tí apá yẹn ń jẹ tẹ́lẹ̀. Nínú 100, bíi 18 ni solver rẹ ń jẹ. 68 ni títo mátíríìsì ń jẹ.

Ìyá Ìbejì, Adjarra:
Ọmọ mi, ipò tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wà nínú mátíríìsì yẹn kì í yí padà, àbí? Iye rẹ̀ nìkan ló ń yí. Ṣírò ìlà àti òpó lẹ́ẹ̀kan péré kí lúùpù (apá kóòdù tó ń tún ara rẹ̀ ṣe) tó bẹ̀rẹ̀. Nínú lúùpù, jẹ́ kí NumPy ṣírò gbogbo iye pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, láìsí for kankan, kó o wá kọ:

A = coo_matrix((iye, (ila, opo)), shape=(n, n)).tocsc()

Ó tán. Savetxt ńkọ́? Ta ló fẹ́ ka nọ́ńbà 160,000 lójú ní gbogbo ìṣẹ́jú àáyá 45? Lo np.save lẹ́yìn ìṣísẹ̀ 20, 20. Fáìlì yẹn kan náà ni kó o fi ń tẹ̀ síwájú bí kúrà bá lọ.

Má pa kóòdù àtijọ́ rẹ́ o. Fi ìdáhùn méjèèjì wéra pẹ̀lú np.allclose. Má retí kí wọ́n bára mu dé nọ́ńbà tó kẹ́yìn, nítorí bí ètò ìròpọ̀ bá yí, ìparí nọ́ńbà á yí díẹ̀.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́:
Èmi jẹ́bi ohun tó jọ èyí rí. Fortran, èdè kóòdù míì, ni tèmi, lúùpù méjì tó wà nínú ara wọn, i àti j. Òpó ni Fortran fi ń to nǹkan sínú mẹ́mọ́rì, ìlà ni èmi ń tẹ̀ lé, bíi ti NumPy. Profiler (irinṣẹ́ bíi cProfile) kàn ń tọ́ka sí lúùpù yẹn, kò sọ ìdí. Ìgbà tí mo lo perf stat lórí Linux tí mo rí iye cache-misses, ìyẹn iye ìgbà tí kọ̀ǹpútà wá nǹkan nínú mẹ́mọ́rì kékeré tó yára tí kò bá a níbẹ̀, ni ojú mi là. Mo pa ipò i àti j dà, ó tán. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti fi ń tún solver ṣe kó tó dìgbà yẹn.

Ọmọ Ouando, Àjàṣẹ́:
Ẹ bá mi yọ̀! 231 ti di 53. Mátíríìsì ti di 6, fáìlì ò tó 1. Àmọ́ ní báyìí, spsolve ló kù tó ń jẹ 41 nínú 53.

Àgbà Kétu:
Ìsinsìnyí ni ọ̀rọ̀ wá kan solver. Ṣé mátíríìsì rẹ bára dọ́gba, kí ohun tó wà ní ìlà 3 òpó 7 jẹ́ ohun tó wà ní ìlà 7 òpó 3? Tẹ abs(A - A.T).max(). Bó bá jẹ́ òfo, tí àwọn iye orí ìlà ìdábùú (diagonal, láti igun dé igun) sì borí ìyókù bó ṣe yẹ nínú irú ìṣirò yìí, lo conjugate gradient, ọ̀nà tó ń sún mọ́ ìdáhùn díẹ̀díẹ̀, tí Hestenes àti Stiefel gbé jáde ní 1952. cg ni SciPy ń pè é. Fún un ní ìdáhùn ìṣísẹ̀ tó ṣáájú gẹ́gẹ́ bí x0, ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀, torí omi kì í fò láàárín ìṣẹ́jú àáyá 45.

Ọmọ Ouando, Àjàṣẹ́:
Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe òfo.

Àgbà Kétu:
Etí ilẹ̀ tó ò ń ṣírò ló fà á. Ibi tí odò ti ń wọlé, o fi 1 síbẹ̀, o sì sọ ìyókù ìlà yẹn di 0, ṣùgbọ́n o fi òpó rẹ̀ sílẹ̀. Gbé iye tó o ti mọ̀ lọ sí apá ọ̀tún ìdọ́gba (equation), kó o sọ ìyókù òpó náà di 0.

Ọmọ Ouando, Àjàṣẹ́:
Bẹ́ẹ̀ náà ni! Ó ti di òfo. Solver ti di 7, gbogbo ìṣísẹ̀ 20 di 19. Ọjọ́ kan ti di nǹkan bí ìṣẹ́jú 30. Mo lo rtol=1e-8 (rtol ni ìwọ̀n àṣìṣe tí a gbà fún cg), torí 1e-5 tí SciPy ń lò bí èèyàn ò bá sọ nǹkan kan ń bà mí lẹ́rù. Ìyàtọ̀ gíga omi sí ti tẹ́lẹ̀ ò tó mìlímítà kan níbikíbi.

Ìyá Ìbejì, Adjarra:
O káre. Ìbéèrè kan: ta ló ní kó o lo ìṣẹ́jú àáyá 45? Ọ̀nà implicit, tó ń yanjú gbogbo ìpín pọ̀ ní ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, lò ń lò, nítorí náà òfin Courant, Friedrichs àti Lewy ti 1928, tó ń fi òpin sí gígùn ìṣísẹ̀, ò fi bẹ́ẹ̀ dè ọ́ bíi tàwọn tó ń lo explicit, tó ń ṣírò láti inú ìṣísẹ̀ tó ṣáájú nìkan. Dán 90 wò, kó o wo bóyá ìdáhùn ṣì ṣeé gbà.

Ọmọ Ouando, Àjàṣẹ́:
Mà, inú kóòdù tí mo jogún ni mo ti bá 45 yẹn o. Mi ò bi ẹnikẹ́ni rí. Mo ti gbé 90 sí i báyìí, ó ń ṣiṣẹ́ lọ. Kúrà ṣì wà.